Ààyè Díẹ̀díẹ̀

Olùfẹ́, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, lẹ́yìn agogo mẹ́wàá àárọ̀, òṣùpá bo oòrùn lójú ọ̀run ilẹ̀ Benin. Òjìji rẹ̀ gba Gánà wọlé, ó kọjá ní Tógò, ó la ilẹ̀ wa já, ó sì forí lé Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí.

Oòrùn fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400. Báwo wá ni kékeré ṣe bo ńlá? Òṣùpá ló sún mọ́ wa. Òfurufú tó wà láàárín àwa àti òun jẹ́ bíi kìlómítà 384,000, nígbà tí oòrùn wà níbi tó tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí òkùnkùn náà ti ṣú pátápátá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Oòrùn kò kúrò ní àyè rẹ̀ rárá.

Ohun tó ń bo Ọlọ́run mọ́ wa lójú kò tóbi tó Ọlọ́run, olùfẹ́. Ó kàn sún mọ́ wa ni. Owó iléèwé ọmọ tí a kò tíì rí san. Èsì àyẹ̀wò tí dókítà kò tíì sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹbí sọ sí wa níbi ìsìnkú. A kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àwọn náà ni a ń rí. Àwọn kan á ní kí o ti ohun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o ṣáà gbàgbọ́. Lójú tèmi, wọn kò tíì ru ẹrù tó wúwo rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òṣùpá. Ní oṣù keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gbé ohun èlò kan kalẹ̀ lórí òṣùpá, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá. Àwọn onímọ̀ ń tan iná sí i láti ayé, wọ́n sì ń wọn ìgbà tó fi lọ tó fi bọ̀. Wọ́n rí i pé òṣùpá ń jìnnà sí wa ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Kò gùn tó àtàǹpàkò! Gun òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ lálẹ́ òní, kí o wò ó títí, o kò ní rí i kó sún. Síbẹ̀ ó ń sún. Ìgbà kan ń bọ̀, tó jìnnà gan-an, tí kò ní lè bo oòrùn tán mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó sún mọ́ wa lè máa jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kọ Sáàmù 118 jẹ́rìí pé òun ké láti ibi tó há, Olúwa sì mú òun dé ibi tó gbòòrò. Kò sọ iye ọjọ́ tó gbà. Àwa là ń kà á bí ẹni pé ọjọ́ kan ni.

Ọ̀ràn tó ń jí ọ lóru ní èṣí, ṣé gbogbo òru ló ṣì ń jí ọ? Bí ó bá ti fi òru kan péré sílẹ̀ fún ọ, olùfẹ́, Olúwa ti ń ṣiṣẹ́.

Bí o bá fẹ́, tọrọ láàárọ̀ yìí kí ọ̀ràn náà lọ pátápátá, kò burú. Ṣùgbọ́n bẹ̀ Ẹ́ fún ààyè díẹ̀ tó máa tó ọ lò lónìí pẹ̀lú, kí o sì dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ.