Ebè Tí Ó Bo Ẹ̀kan Mọ́lẹ̀

Bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe tí etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Ọmọkùnrin kan ní Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni ó mú ìbéèrè yìí wá síwájú mi. Gìtá oníná ni ó sì fà á. Òun ni ó ń ta gìtá ní ilé ìjọsìn wọn, òun náà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta ní títa rẹ̀. Èmi tí irun mi ti funfun àti òun ń kọ́ irú ìta kan náà, a sì máa ń jókòó pọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta láti fi ọwọ́ wa wéra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìta náà fún ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá rí. A lè ta ohùn mẹ́ta tí ó bá ara mu papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A sì lè tú wọn ká, kí wọ́n máa tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títú ká yìí ni àwọn olórin ń pè ní arpeggio. Bí a bá fẹ́ kí ó yá, a ó mú ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, a ó fà á láti orí okùn kan bọ́ sórí èkejì láì gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni ń gbálẹ̀. Orúkọ ìgbálẹ̀ náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é. Àwọn onígìtá jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bíi Barney Kessel àti Tal Farlow, ti ń lò ó ní àwọn ọdún 1950. Ní àwọn ọdún 1980 ni Frank Gambale ọmọ Australia àti Yngwie Malmsteen ọmọ Sweden sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ onígìtá ń lépa kiri ayé.

Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni iṣẹ́ wà. Ìka gbọ́dọ̀ tẹ okùn ní àkókò gan-an tí ike bá dé orí rẹ̀, kí ó sì dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ìka bá pẹ́ kí ó tó dé, okùn náà kò ní dún dáadáa. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dẹwọ́, ohùn méjì a dàpọ̀. Eré sísá ní ń bo àṣìṣe méjèèjì.

Ọmọkùnrin náà ta tirẹ̀, ó yára bí ìjì. Mo ní kí ó tún un ta bí ẹni ń rìn lọ sóko láì kánjú. Nínú ohùn márùn-ún tí mo ń retí, mẹ́ta péré ni ó jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Bàbá, gbogbo ìjọ ní ń pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọn kò bá mọ̀ pé méjì sọnù, kí ni mo jẹ wọ́n?”

N kò lè dá a lóhùn. Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Lálúpọn, mo ti ta irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àgbà kan dìde, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, mo sì gbà á.

Ṣé a ó wá sọ pé gbogbo ẹni tí kò ta ohùn púpọ̀ ni ẹlẹ́tàn? Rárá o. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, gìtá pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kúkúrú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlù láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi àlàfo sílẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo etí ni ó gbọ́ àlàfo náà. Bákan náà, bí onígángan bá ṣi ohùn lù, tí ọkọ́ di ọkọ̀, àwọn tí ó gbọ́ èdè yóò mọ̀. Gìtá tí ń sáré kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ta á nìkan ni ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Oko ni mo ti rí èsì mú wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní: “Níbi àáró, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń bá ara wọn ro oko ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹnì kan a wa gbòǹgbò ẹ̀kan jáde, ẹlòmíràn a kàn wọ́ ilẹ̀ bò ó. Láti ojú ọ̀nà, ebè àwọn méjèèjì ń dán. Oúnjẹ kan náà ni olóko fún wọn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀kan a gún ebè yọ.”

Ọmọ náà kò gbà. “Bàbá, òjò wo ni yóò rọ̀ sórí orin? Kí àwọn ènìyàn tó jókòó, ó ti tán.”

Mo ní kí ó pe àwọn ọmọ mẹ́ta tí ó ń kọ́ wọlé. Wọ́n ta gìtá fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn méjì kan náà ni ó sọnù lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé wọ́n ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ bíi ti ọ̀gá wọn. Wọn kò mọ̀ pé ohùn kankan yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùjá lọ́wọ́ olùkọ́ ti di ojúlówó orin lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. N kò ní láti sọ fún un pé òjò ti ń rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, títí ohùn márààrún yóò fi pé. Ní tèmi, n kò mọ ibi tí mo ti lè rí àgbà Lálúpọn náà kí n dá owó rẹ̀ padà. Mo ń san án díẹ̀díẹ̀, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn.