Ta Ni Ó Ni Àṣírí Inú Ògiri?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí a máa bo àṣírí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni wọ́n kọlu ara wọn mọ́ mi lọ́wọ́ ní Belvedere, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ní fúláàtì kan sí. Mo ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀yin ènìyàn mi, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé àtijọ́ ni, irú èyí tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé kí wọ́n tó pín in sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Òkè ni tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tí ń fi iná mú omi ìwẹ̀ gbóná síbẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n kan láti ilé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí oníṣẹ́ iná. Owó tí wọ́n gbà kò tó ìdajì ohun tí àwọn mìíràn bèèrè. N kò bèèrè ìwé ẹ̀rí, wọn kò sì fún mi. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2005 ni òfin ilé kíkọ́ ní England àti Wales ti sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, tàbí kí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ fún un ṣe é, kí ó sì fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé òfin wà. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Òfin mìíràn tí ó dé ní 2020 ló tú u fó. Ó di dandan ní England kí onílé tí ó ń gbowó ilé jẹ́ kí onímọ̀ yẹ iná ilé náà wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún márùn-ún. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ló ń gbé fúláàtì mi nígbà náà. Onímọ̀ dé, ó ṣí pákó ilẹ̀, ó ní kí n wá wò. Ẹ̀rọ omi náà jẹ́ kilowatt 9.5, ó ń fa iná tó amp 41. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbọ́n fi fà á, èyí tí kò yẹ kí ó gbé ju bí amp 27 lọ, wọ́n sì fi fíúùsì 45 sí i, tí wáyà yóò fi gbóná títí láìjẹ́ pé fíúùsì já. Téèpù lásán ni wọ́n fi wé ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀. Wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, wọ́n gé e sọnù. Ọkùnrin náà kọ C1 sínú ìwé rẹ̀, èyí ni pé ewu ti wà nílẹ̀ ná, kì í ṣe pé ó ń bọ̀. Ó pa iná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo tún un ṣe, mo sì tọ ẹ̀gbọ́n lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún mi lè jó ilé." Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé iná tàn àbí kò tàn? Ta ló ti kú níbẹ̀?" Nígbà tí wọ́n rí ìwé náà, ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní kí n bo àwọn láṣìírí, pé ọmọ àwọn ṣì wà ní ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ "iná tàn" yẹn wò. Wáyà ilẹ̀ kì í mú kí iná tàn. Ilé lè wà fún ogún ọdún láìsí i, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ń hàn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, mo sì mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé owó kò fọwọ́ sí i nítorí ẹni tí ó sanwó fún un nìkan. Ó fọwọ́ sí i nítorí ẹni tí kò lè ṣí ìwé náà wò fúnra rẹ̀.

Àṣírí wo ni ó wá tọ́ kí a bò? Bí ènìyàn bá jẹ gbèsè, bí òun àti aya rẹ̀ bá ń jà, òun ni ó ni ìtìjú rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ bá a bò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ohun tí ó wà nínú ògiri? Ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ ni: ìyá àgbà tí ń gbé ìsàlẹ̀, àti ọmọ tí ń wẹ̀ lókè. Iná tí ó pa ènìyàn 72 ní Grenfell Tower ní 2017, ilé ìdáná kan ní àjà kẹrin ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbèsè tí ẹlòmíràn yóò san, èmi àti ìwọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jọ fi í pamọ́.

Ẹnìkan sọ fún mi pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Mo ní ògiri ti lanu, aláǹgbá ti wọlé, iná ni orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹbí. Ní ilẹ̀ àjèjì, ara wa ni a ní. Èmi náà kò sì mọ́: owó pọ́ọ́kú tí mo wá ni mo rí. Nítorí náà n kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ka gbogbo ilé tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, kí a jọ lọ bá àwọn onílé, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ tèmi. Bí oṣù bá parí tí wọn kò ṣe é, èmi yóò dá lọ. Wọ́n bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ka ilé márùn-ún. Àwọn mẹ́ta pe onímọ̀. Àwọn méjì ní iná àwọn ń tàn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ní ayálégbé, mo sì ti sọ fún un pé bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, n óò kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kì í wá sílé mi mọ́. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ń sùn lóru, àwọn tí ń gbé ilé mi náà sì ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ẹ lọ wá ìwé ẹ̀rí iná yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí iná tí ń tàn tàn yín jẹ.