Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ẹni Tí Ń Ṣọ̀fọ̀ Ní Olólùfẹ́?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2012, òyìnbó kan tí ó kórìíra ẹ̀yà tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ilé ìsìn àwọn Sikh ní Oak Creek, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì fi ìbọn pa ènìyàn mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀dọ́mọkùnrin Sikh kan tí ó pàdánù ìyá rẹ̀ báyìí. Irun tí a kò gé, èyí tí Guru Gobind Singh fi ṣe àmì ìgbàgbọ́ wọn ní ọdún 1699, àti láwàní tí ó wé e mọ́, ni àwọn ènìyàn fi ń fojú burúkú wò ó. Bí ọkàn rẹ̀ bá wá fà sí ọmọbìnrin kan ńkọ́? Yóò máa bi ara rẹ̀ pé, “Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ èmi kò ti gbàgbé ìyá mi? Bí mo bá sì gé irun mi kí ó lè fẹ́ mi, ta ni èmi yóò jẹ́?”

Àṣà àwọn baba rẹ̀ ti dáhùn. Orin kan tí Guru Amar Das kọ, tí à ń pè ní Anand, èyíinì ni Ayọ̀, ni wọ́n ń kọ níbi ìgbéyàwó; òun náà ni wọ́n ń kọ níbi ìsìnkú. Nítorí náà, ayọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ọ̀fọ̀. Ọkàn tí ó fẹ́ràn ìyá náà ni yóò fẹ́ràn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó bá ní kí ó sẹ́ ara rẹ̀ àti òkú rẹ̀, olè ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe bá a wí nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹkún rẹ̀ kò tí ì tán.