Ǹjẹ́ Ìmọ̀ A Máa Pa Ìyanu Bí?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: nígbà tí ènìyàn bá ti mọ ìdí ohun kan, ǹjẹ́ ó tún yẹ kí ohun náà yà á lẹ́nu? Àwọn kan ń wí pé ìwé ti ba ọ̀wọ̀ jẹ́ lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́. Àwọn mìíràn sì ń wí pé ohun tí a bá ti mọ ìdí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ́lẹ̀ ìhà àríwá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ìlú Tromsø, ní ilẹ̀ Nọ́wè, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọ rárá. Òjò dídì a bo ilẹ̀, òtútù a sì mú gidigidi. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé a máa yọ lókè, a sì máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí aṣọ tí a sá sínú afẹ́fẹ́. Nígbà mìíràn, òkè rẹ̀ a pọ́n.

Láti ayébáyé ni àwọn ará Sámì tí ń gbé níbẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọn má ṣe súfèé sí i. Ní January 25, 1938, nígbà tí ó yọ dé gúúsù ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó rò pé iná ńlá ni ó sọ. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀: ohun ńlá ni wọ́n rí, wọn kò sì mọ orísun rẹ̀.

Kristian Birkeland, ọ̀mọ̀wé ará Nọ́wè, gun òkè Haldde nínú òtútù ọdún 1899 sí 1900 láti máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Ó kọ́ wa pé láti inú oòrùn ni ó ti pilẹ̀. Oòrùn a máa tú èérún tí ojú kò lè rí jáde. Ayé wa, tí ó dà bí òòfà ńlá, a máa yí ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́yìn. Àwọn tí ó bá wọlé níhà òpin ayé a kọlu afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n 100 kìlómítà lókè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ a sì tàn. Birkeland kú ní 1917, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbà á gbọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí a rán sí òfuurufú láàárín 1960 sí 1970 ni ó wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìmọ̀ yìí pa ìyanu náà bí? Rárá o. Ẹ̀rù ni ó lé lọ. Ẹni tí kò mọ̀ rí ẹwà. Ẹni tí ó mọ̀ rí ẹwà náà, ó sì tún rí i pé asà kan ń bẹ tí ó dáàbò bo ayé. Ẹ̀rù a máa sá fún ohun tí ó rí. Ọ̀wọ̀ a máa súnmọ́ ọn, a sì máa bèèrè. Bí kò bá ya Birkeland lẹ́nu, kí ni ìbá gbé e gun òkè nínú òtútù?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá bi yín léèrè ohun tí òṣùmàrè jẹ́, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún un bí ìtànṣán oòrùn ti ń gba inú ẹ̀kán òjò kọjá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú un jáde, kí ẹ sì jọ wò ó.