Ṣé Irun Funfun Ni Rìsíìtì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ìbéèrè náà kò gùn: ṣé ó tọ́ kí àgbàlagbà máa san owó tó kéré sí ti ọ̀dọ́, kìkì nítorí pé ó ti dàgbà?

Pápá gọ́ọ̀fù ni mo ti fẹ́ wò ó. Ẹ má sọ pé eré òyìnbó ni, kò kàn wá. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìbòkun dé Ada, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, ibẹ̀ ni Ọmọọba Túndé Pọ́nnlé, tó dá ilé-iṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí, tó sì ṣe pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 sí i. Láti Òṣogbo, láti Iléṣà, kò jìnnà rárá. Ní Èkó, Ikoyi Club ti wà láti 1938. Ní Ìbàdàn, IITA ní pápá tirẹ̀ nínú ọgbà wọn. Eré náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Kárí ayé, ó wọ́pọ̀ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún àwọn àgbà. Bí èèyàn bá ti pé 60 tàbí 65 ọdún, owó ọdọọdún rẹ̀ á wálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn máa ń ro ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ iye ọdún tí ẹni náà ti lò láàrin wọn. Àwọn mìíràn á ní kí àgbà san díẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa wá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí pápá ṣófo. Ti ìkẹyìn yìí kò ní wàhálà, òwò ni. Ọjà tí kò tà ni wọ́n tà ní ẹ̀dínwó. Àwọn yòókù ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ìdí mẹ́ta ni mo rí tí àwọn èèyàn fi ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

Èkínní, wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ṣé ẹ̀dínwó la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà? À ń dọ̀bálẹ̀, à ń kúnlẹ̀, à ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, à ń dìde kí wọ́n rí àga jókòó. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, ọwọ́ àgbà là ń wò. Níbi ìnáwó, àgbà tó bá náwó tó kéré sí tọmọdé, àwọn èèyàn á máa wò ó tìyanu-tìyanu ni. Àgbà tó bá sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀wọ̀ tiwa máa ń gbé ẹrù lé àgbà lórí ni, kì í sábà sọ ẹrù náà kalẹ̀. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀dínwó láre.

Èkejì, wọ́n ní bàbá náà ti san tirẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ fún 30 ọdún, owó rẹ̀ wà nínú koríko tí wọ́n gbìn, ó wà nínú ẹ̀rọ omi, ó wà nínú ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí mu mínírà. Èyí wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ṣé ọjọ́ orí nìyẹn? Iye ọdún nínú ẹgbẹ́ ni. Bàbá ẹni ọdún 66 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóṣù tó kọjá kò tíì gbin koríko kankan. Ọkùnrin ẹni ọdún 48 tó wọlé nígbà tó wà ní 20 ti gbìn ín fún ọdún 28. Ta ló yẹ ká dín owó fún nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àpò ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ti fẹ́lẹ́. Àwa ọmọ Ọ̀ṣun kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Láàrin 2015 sí 2018, tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò san owó oṣù pé fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì náà mọ bó ṣe rí lára. Ṣùgbọ́n ọdún 65 kan náà ló bo tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì àti olóyè tó ní ilé ní ìlú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àpò nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irun funfun.

Ẹ ti rí i báyìí pé ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe ni pé ó ń dúró fún nǹkan mìíràn. Irun funfun kì í ṣe rìsíìtì pé èèyàn ti sanwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní lọ́wọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé eré gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí lórí pápá. Nínú gọ́ọ̀fù, iye ìgbà tí o gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ gbogbo ihò ni wọ́n ń kà, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n á yọ iye kan kúrò fún un, kí àwọn méjèèjì lè jọ figa gbága. Handicap ni wọ́n ń pe ìyẹn, àti láti 2020 ni wọ́n ti so ètò rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan fún ayé. Wọn kì í béèrè ọjọ́ orí kí wọ́n tó fún ọ. Àwọn káàdì tí o ti gbá sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Ọmọ ọdún 25 tí kò mọ̀ ọ́n gbá á rí ìrànlọ́wọ́ gbà ju bàbá ẹni 70 tó mọ̀ ọ́n lọ. Tí wọ́n bá lè ṣe é lórí pápá, kí ló dé tí wọn kò lè ṣe é nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbowó?

Ààlà ọjọ́ orí gan-an, èèyàn ló ń fà á. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje US Senior Open ní 1980, wọ́n ní ẹni tí kò bá pé 55 kò lè gbá a. Arnold Palmer, gbajúmọ̀ tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ wò, kò tíì pé 51 nígbà náà. Ní 1981, wọ́n fa ààlà náà wálẹ̀ sí 50. Palmer wọlé, òun náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ. Àbí ẹ ti rí i? Ọjọ́ ogbó sún ọdún márùn-ún sẹ́yìn láàrin ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti apá kejì náà, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ká ní a fi ọjọ́ orí sílẹ̀, tí a ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ̀dínwó wá fi hàn pé òun kò ní. Ta ni yóò wá? Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló, àwọn oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Kì í ṣe agbára ni lílóṣòó yẹn ń lò, ìtìjú ni. Onígbèsè kò fẹ́ kí ará àdúgbò rí i, ló ṣe ń sáré wá owó. Bàbá tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí, tí ẹ wá ní kó wá ka owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sétí akọ̀wé ẹgbẹ́, á rọra gbé igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ kọ́ sílé, á ní orúnkún ló ń dun òun. Níbi yìí ni ọjọ́ orí ti wúlò. Aṣọ ni, ó ń bo àṣírí. Gbogbo wọn á jọ wọ̀ ọ́, tolówó tòtòṣì, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tí òtútù ń mú gan-an.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wọ irú aṣọ yìí. Tí o bá fi ID card hàn níbì kan tí wọ́n sì dín owó fún ọ, wọn kì í béèrè bóyá bàbá rẹ ní ilé epo. Ẹni tó bá fẹ́ já aṣọ àgbà, kó rántí pé tiwa náà á já.

Nítorí náà, mi ò ní kí wọ́n pa ẹ̀dínwó náà rẹ́. Ohun tí mo ní ká béèrè ni pé: ta ló ń san ìyókù? Koríko kò mọ̀ pé wọ́n dín owó fún ẹnikẹ́ni, dísù kò sì mọ̀. Tí àgbà bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́, àwọn ẹni ogójì ọdún tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ ni yóò ru ú. Kádì tó ń ru àpò bàbá náà lórí pápá ńkọ́? Òun náà ń dàgbà, èjìká rẹ̀ náà ń ro ó. Tí ẹ̀dínwó ọ̀gá bá lọ bá owó kádì, àgbà kan là ń fi gbọ́ bùkátà àgbà mìíràn.

Kí ẹ sì jáde síta. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ju 70 lọ, owó kóróópe tó ń san kò yàtọ̀ sí tiwa. Abala 42 òfin Nàìjíríà ti 1999 ní wọn kò gbọdọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ibi tó ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn tàbí èrò ìṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Abala 16 ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní Èkìtì, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láti fún àwọn aláìní tó ti pé 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù ń mú ni wọ́n da aṣọ bò.

Èrò tèmi rèé. Kí ẹgbẹ́ ka ọdún tí èèyàn ti lò láàrin wọn, nítorí iṣẹ́ nìyẹn, ó sì lérè. Kí wọ́n fi ọjọ́ orí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ àṣírí, kí wọ́n má sì fa ààlà rẹ̀ sókè-sódò nítorí gbajúmọ̀ kankan. Kí àgbà tó bá sì ní lọ́wọ́ rọra san owó tó pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Òfin kò lè fipá mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ló lè ṣe é.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sí i, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, àwa la máa wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ ká ti máa ronú sí i láti ìsinsìnyí o.