Ta Ni Èrò Jẹ Ní Gbèsè?

Nígbà tí a bá sọ gbọ̀ngàn pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí a ti pa tì di yàrá ìsinmi ìgbàlódé, níbi tí èrò tó rówó san ti ń fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, tí ó ń mu kọfí, tí ó sì ń retí ọkọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan máa ń yọjú tó ju ti ayàwòrán-ilé lọ: gbèsè ta ni ó wà lọ́rùn ẹni tó jókòó síbẹ̀? Gbèsè tí à ń wí kì í ṣe ti owó, bí kò ṣe ojúṣe alààyè sí àwọn tó ti lo ibẹ̀ rí, pàápàá àwọn tó bá a kú.

Ní pápákọ̀ John F. Kennedy ní New York, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú TWA ṣí gbọ̀ngàn kan ní 1962, èyí tí Eero Saarinen ya àwòrán rẹ̀ kó tó kú ní 1961. Wọ́n tì í pa ní 2001, ó wà lófìfo títí di 2019 tí ó di hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n tún ibi ìjókòó rẹ̀ tó rì wọlẹ̀ tẹ́ ní pupa bí ti àtijọ́, tí wọ́n sì sọ ọkọ̀ Lockheed Constellation kan tí wọ́n ṣe ní 1958 di ilé ọtí níta. Iṣẹ́ náà dára, kò sí àní-àní. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò ń wá kiri tí wọ́n fi ń tún ilé àtijọ́ ṣe dípò kí wọ́n kọ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ àkísà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lójú ẹni tó fi ara rẹ̀ gbó o.

Irú ọkọ̀ Constellation yìí ní ìtàn mìíràn tó kan Enugu. Ní oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó gba ìlú náà lọ́wọ́ Biafra tó ti ya kúrò, àwọn ará àdúgbò bíi Ogui New Layout ti di ẹrù lé orí, wọ́n ti sá lọ. Pápákọ̀ Enugu bọ́ lọ́wọ́ Biafra. Nígbà tí Port Harcourt náà bọ́ ní oṣù karùn-ún 1968, títì ọlọ́dà tó gba Uli kọjá ni Biafra fẹ̀ sí i, tí wọ́n sọ ọ́ di pápákọ̀. Òru nìkan ni ọkọ̀ ń balẹ̀ níbẹ̀. Iná ojú ọ̀nà kì í tàn àfi bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ilẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, wọn a tún pa á, nítorí ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù ń rábàbà lókè. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kristẹni kó wàrà, iyọ̀ àti panla wá láti erékùṣù São Tomé, ìrìn-àjò wọn sì ju 5,000 lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Kánádà, Canairelief, lo Super Constellation. Ọ̀kan já lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1969, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kó ohun ìjà wá sí Uli kan náà, ẹni tó bá sì ń rántí kò gbọdọ̀ fo ìyẹn.

Lẹ́yìn ogun, Uli padà di títì. Ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá lórí rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ní São Tomé ẹ̀wẹ̀, Super Constellation tí ogun fi sílẹ̀ lẹ́bàá pápákọ̀ di ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń mu. Ó lè kọ́kọ́ rí bí ìwọ̀sí pé kí ènìyàn máa yó nínú ohun tó rù oúnjẹ fún ọmọ tí ebi ń pa kú. Síbẹ̀ oúnjẹ ni ọkọ̀ náà torí ẹ̀ fò, jíjẹun nínú rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Jíjẹun láìmọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá kì í ka ọtí léèwọ̀ nítorí òkú, díẹ̀ ni wọ́n ń ta sílẹ̀ fún baba ńlá kí alààyè tó gbé ife sẹ́nu. Àgbà Ogui tó bá ń pa obì náà a kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó ti lọ. Ètò ni ìwà yìí ń tẹ̀ lé: orúkọ ṣáájú, ìgbádùn tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé gbogbo agboolé ni obì wà fún, nígbà tí yàrá ìsinmi pápákọ̀ wà fún ẹni tó ní káàdì. Pápákọ̀ Enugu ń jẹ́ orúkọ Akanu Ibiam lónìí, ọ̀kan lára àwọn ààrẹ Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé nígbà náà, ẹni tó dá oyè Sir padà fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ gbọ̀ngàn àtijọ́ kankan níbẹ̀ di yàrá ìrọ̀rùn lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó fi ẹsẹ̀ sá kúrò ní Ogui ní 1967, tí kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Ara ògiri ìta, níwájú ilẹ̀kùn tó ń béèrè káàdì, ni kí wọ́n kọ ìtàn náà sí, ní èdè Igbo àti ti Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ àti ìjà papọ̀, kí ẹni tó wá sin ọmọ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò lè dúró kà á láìsan kọ́bọ̀.