Màjàlà Orí Àjà



Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí á sọ lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáàsí, kí ó rántí hádíìsì tí Abu Musa sọ fún wa, tí ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim. Ilé kan jó mọ́ àwọn ará ilé lórí ní Mọdíná lóru. Nígbà tí Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gbọ́, ó pe iná ní ọ̀tá wa, ó sì pàṣẹ kí á máa pa á kí á tó sùn.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé alábàágbé ní Karmo níbí, igi àti èédú ni a fi ń dáná, pàápàá láti ìgbà tí owó gáàsì ti ga ju agbára ẹlòmíràn lọ. Ẹ gbójú sókè wo páànù ilé ìdáná yín. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ igi àjà bí ọ̀dà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Èéfín igi tútù tí kò jó tán ló di bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè gbiná bí iná bá ta sí i láti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ihò èéfín àwọn oníbúrẹ́dì: màjàlà inú rẹ̀ a máa gbiná, a sì máa dí ihò náà, tí èéfín yóò fi padà sórí àwọn òṣìṣẹ́.

Iná nìkan kọ́. Bí ihò tí atẹ́gùn ń gbà bá ti dí, gáàsì olóró kan tí èédú ń tú jáde, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carbon monoxide, kò ní rí ọ̀nà jáde. Kò lóòórùn, kò ṣe é fojú rí. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn lè má mọ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá torí òtútù. Èédú tí kò rú èéfín mọ́ gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á máa gbá àjà ilé ìdáná nígbà tí iná bá ti kú tí ibẹ̀ sì ti tutù. Kí ẹni tí yóò gbá a fi aṣọ bo imú, kí ó sì wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí á má fi í ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ kéú o. Láti 1775 ni Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé màjàlà ń fa jẹjẹrẹ sí ara àwọn tí wọ́n ti kékeré máa ń gbá ihò èéfín níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iná kì í béèrè ẹni tó jẹ́ Yorùbá tàbí Gbagyi kó tó fo ògiri. Ẹ̀yin onílé tí ẹ mọ bíríkì dí fèrèsé ilé ìdáná kí ẹ lè rí yàrá kan sí i fi háyà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ lu ògiri náà kí ọyẹ́ tó dé.